Èwo nínú oògùn ọpọlọ ni apá ilé yín ká, tí ara aláìsàn yín sì máa gbà?

Ọrùn ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nípa oògùn ọpọlọ, kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì rárá. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ haloperidol ní ilé ìwòsàn kan lọ́jọ́bọ̀, wọ́n kó oníhóró lé wa lọ́wọ́, wọ́n ní ká máa lọ. Nígbà tó máa fi di àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ Sátidé, ọrùn rẹ̀ ti lọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú rẹ̀ yí sókè, ahọ́n rẹ̀ yọ síta, kò lè fà á padà. Màmá wa àgbà figbe ta pé àwọn tó ṣe é ti padà wá parí iṣẹ́ wọn. A da gbogbo oògùn náà sí ààtàn, a gbé e lọ sí ilé àdúrà. Ọrùn náà tọ́ lẹ́yìn ọjọ́ méjì, gbogbo wa sì gbà pé a ti borí. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí àìsàn náà fi padà, tó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa pé oògùn yẹn gan-an ló ń fa iṣan ọrùn, tàbí pé abẹ́rẹ́ kékeré kan wà tó máa ń tú u láàárín bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Èmi náà ti di nọ́ọ̀sì báyìí, mo sì ti pẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn alárùn ọpọlọ. Ìbéèrè tí àwọn ẹbí máa ń bi mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí kì í yí padà: "Nọ́ọ̀sì, èwo gan-an ló dára jù nínú wọn?" Ẹnìkan á ti sọ fún wọn pé àwọn tuntun nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ẹlòmíràn á ní Largactil ni wọ́n fi wo ẹ̀gbọ́n òun sàn.

Bí a bá yọ clozapine, oògùn kan tí mo máa sọ nípa rẹ̀ nísàlẹ̀, sọ́tọ̀, kò sí èyí tó fi bẹ́ẹ̀ ta yọ láàárín wọn, tó bá jẹ́ ti ká lé ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́ lọ, tàbí ká mú ìfura òdì kúrò lọ́kàn èèyàn. Ọ̀rọ̀ dopamine ni gbogbo wọn ń bá wí, èròjà kan tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ láti apá kan sí òmíràn. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra ni ohun tí wọ́n ń ṣe sí ara yòókù, iye tí wọ́n ń náni, àti bí a ṣe ń lò wọ́n. Àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí ńlá kan tí wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2005. Aláìsàn tó lé ní 1,400 ló wà níbẹ̀. Kí oṣù 18 tó pé, 74 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti pa oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fún wọn tì. Oògùn àtijọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n fi kún un sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá púpọ̀ nínú àwọn tuntun dọ́gba. Láti ìgbà tí mo ti ka èsì yẹn ni mo ti yí ìbéèrè náà padà fún àwọn ẹbí. Ẹ má bi mí pé èwo ló lágbára jù. Ẹ bi mí pé èwo ni ẹni yìí ò ní jù sílẹ̀.

Ohun tí ẹ ó fi wọ̀n wọ́n

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí àìsàn náà ń ṣe sí i. Ẹni tí kò sùn fún ọjọ́ mẹ́rin, tó ń fa aṣọ ya, tó ń lé èèyàn kiri ilé, kò jọ ẹni tó ti ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá láti bí oṣù mẹ́ta, tó ń dá sọ̀rọ̀, tó ń dá rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń fi gbogbo owó ọjà tọrẹ, tó ń sọ pé òun lòun máa jọba, tó bá yá kó tún máa sunkún pé òun fẹ́ kú, tún yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì.

Lẹ́yìn náà ni ara rẹ̀. Ṣé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru? Ṣé àtọ̀gbẹ wà nínú ìdílé? Ṣé wárápá ń gbé e? Ṣé obìnrin tó ṣì ń bímọ ni, àbí tó ń fún ọmọ lọ́mú? Kí ni iṣẹ́ rẹ̀? Ẹni tó ń gun ọ̀kadà, ẹni tó ń ká kajú nínú oòrùn, àti ẹni tó ń fi ọwọ́ ránṣọ, oògùn kan náà lè ba iṣẹ́ ẹnìkan jẹ́ nínú wọn, kó má sì ṣe èkejì ní nǹkan kan.

Ti owó le díẹ̀ láti sọ. Láti 2023 tí náírà ti já wálẹ̀ ni iye oògùn ti ń yí padà láti oṣù dé oṣù, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní kọ iye kankan síbí. Ṣùgbọ́n ẹ má fi iye sáṣẹ́ẹ̀tì kan ṣe ìṣirò, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń ṣì í. Ẹ béèrè iye hóró tí ó máa lò lójúmọ́, ẹ sọ ọ́ di ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ fi owó ọkọ̀ kún un, ẹ fi ti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kún un, ẹ tún fi ti oògùn kejì tó máa ń bá a rìn kún un. Iye yẹn ni kí ẹ bi ara yín pé ṣé a lè yọ ọ́ lóṣooṣù, títí kan oṣù tí owó ilé ìwé máa ń wọlé. Ẹni tó bá ń lo oògùn àtijọ́ tí kò wọ́n láìdá ọjọ́ kan dúró á sàn ju ẹni tó ń lo èyí tó wọ́n fún ọ̀sẹ̀ méjì, tó ń sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá a máa ń rí i rà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Oògùn tó bá jẹ́ pé Ìbàdàn tàbí Ìlọrin nìkan ni a ti ń rí i, ọjọ́ tí ọ̀nà bá bàjẹ́ tàbí tí epo bá wọ́n ni ó máa já.

Èyí tó kẹ́yìn ni ẹni tí yóò máa mójú tó o. Nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, ní 1954, tó ní kí àwọn aláìsàn máa gbé ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, dandan ni kí aláìsàn mú ẹbí kan dání. Ó mọ̀ pé oògùn ò lè dá rìn. Ta ni yóò ka hóró ní ilé yín? Ta ni yóò mọ̀ bí ó bá ń fi í pamọ́ sábẹ́ ahọ́n? Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń lọ̀ ọ́ sínú ọbẹ̀. Mi ò ní bú wọn, ìbẹ̀rù ló fà á, àmọ́ ọjọ́ tí aláìsàn bá rí i, kò ní jẹun nílé yín mọ́, ìfura rẹ̀ á sì ti di òótọ́.

Largactil

Chlorpromazine lorúkọ rẹ̀ gan-an, òun sì ni àkọ́bí gbogbo wọn. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ṣe é, ní 1952 sì ni àwọn dókítà ní Paris bẹ̀rẹ̀ sí í fi tọ́jú alárùn ọpọlọ. Ó wà níbi gbogbo, owó rẹ̀ kò ga. Bí ó bá jẹ́ àìsùn àti ìrúkèrúdò ló pọ̀ jù, ó máa ń mú ara balẹ̀ kíákíá.

Ẹ̀bùn rẹ̀ náà ni àléébù rẹ̀. Oorun rẹ̀ máa ń wọ ọ̀sán. Ó máa ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ tí èèyàn bá dìde lójijì, àgbàlagbà lè ṣubú kí egungun itan rẹ̀ dá. Ẹnu á gbẹ, ìgbẹ́ á gan. Èyí tí wọn kì í sábà sọ ni ti oòrùn: awọ ara ẹni tó ń lò ó kì í lè gba oòrùn. Mo ní bíríkìlà kan tí ojú àti ọrùn rẹ̀ dúdú bí ẹni tí iná jó, tó ń bó, tí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sì ń sọ pé ẹ̀tẹ̀ ni. Ó ti fẹ́ pa iṣẹ́ rẹ̀ tì. Fìlà onígbọ̀ọ̀rọ̀ etí àti aṣọ alápá gígùn ràn án lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n níkẹyìn a bá dókítà sọ̀rọ̀, wọ́n sì pààrọ̀ oògùn náà. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá wà lábẹ́ òrùlé, tó sì lè lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lálẹ́, kò ní níṣòro tó bẹ́ẹ̀.

Haloperidol

Ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti ṣe é ní 1958. Hóró kékeré, iṣẹ́ ńlá, owó táṣẹ́rẹ́. Kò fi bẹ́ẹ̀ ń múni sùn tó Largactil, kì í sì í fa ìfúnpá wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó ń bá ohùn àti ìfura jà dáadáa.

Iṣan ara ló ń dà láàmú. Ti ọrùn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, láàárín ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ ló máa ń sábà ṣẹlẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin ló sì wọ́pọ̀ sí jù. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ sáré gbé e padà sí ilé ìwòsàn. Èyí tó máa ń tẹ̀ lé e ni kí ara gan: ọwọ́ kì í jù mọ́ tó bá ń rìn, ojú á le bí ojú ère, ọwọ́ á máa gbọ̀n. Èkẹta ni mo kà sí èyí tó léwu jù nítorí pé àwọn ẹbí kì í dá a mọ̀. Aláìsàn ò ní lè jókòó, kò ní lè dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbé e kiri inú ilé tọ̀sán tòru, inú á máa bí i. Àwọn ará ilé á ní àìsàn náà ti tún dé, wọ́n á fi hóró kan kún un. Oògùn tí wọ́n fi kún un yẹn ló máa tún dá kún un. Ẹ bi í léèrè: "Ṣé ọkàn rẹ ni kò balẹ̀ ni, àbí ẹsẹ̀ rẹ ni kò jẹ́ kó o jókòó?" Ẹ ó yà lẹ́nu bí ó ṣe máa dá yín lóhùn.

Artane, tí àwọn kan ń pè ní benzhexol, ni wọ́n máa ń fi ti haloperidol lẹ́yìn. Ó dára fún ọrùn àti fún ara tó gan. Kì í fi bẹ́ẹ̀ ran ẹsẹ̀ tí kò sinmi lọ́wọ́, dókítà lè fi propranolol sí i tàbí kó dín haloperidol kù. Àárọ̀ ni kí ó máa lo Artane, nítorí pé ó lè lé oorun lọ. Ẹ fi í sábẹ́ àtìpa pẹ̀lú, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò mọ̀ ọ́n, wọ́n ń lò ó láti fi yó. Stelazine, oògùn àtijọ́ mìíràn, kò jìnnà sí haloperidol nínú gbogbo èyí.

Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, gbogbo àwọn àtijọ́ yìí lè mú kí ẹnu máa jẹ̀ bíi ti ẹni tó ń jẹ obì, kí ahọ́n máa yọ wọlé yọ síta. Ó wọ́pọ̀ jù lára àwọn ìyá àgbà. Bí ẹ bá tètè rí i, ẹ tètè sọ, torí bó bá ti jókòó tán, kì í rọrùn láti lọ.

Mo fẹ́ kí gbogbo ilé mọ ohun kan, oògùn yòówù tí wọ́n ì báà yàn. Bí ara rẹ̀ bá gbóná kọjá ààlà, tó gan pa bí igi, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàrú, tí òógùn bò ó, ẹ má ṣe fi oògùn ibà dánra wò. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń pani. Ẹ dá oògùn náà dúró, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kí ẹ sì dárúkọ oògùn tó ń lò fún wọn.

Abẹ́rẹ́ oṣooṣù

Fluphenazine decanoate, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Modecate, àti flupentixol ni mo ń sọ. Inú òróró yànmọ̀tí ni wọ́n po Modecate sí, ìdí nìyẹn tó fi ń rọra tú sínú ara díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lóṣù, ó tán. Kò sí ìjà àràárọ̀, kò sí fífi hóró pamọ́ sábẹ́ ahọ́n, bí ó bá sì pa ọjọ́ jẹ, nọ́ọ̀sì á mọ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Tí ẹ bá ṣe ìṣirò tí mo sọ lókè, ó máa ń dín ju oníhóró tuntun lọ. Mo gbà pé a kì í lò ó tó bó ṣe yẹ ní agbègbè wa, pàápàá fún àwọn tó ń gbé nínú oko lọ́nà jíjìn.

Kò dára fún ẹni tó ń ṣe rúkèrúdò lónìí, torí ó máa ń pẹ́ kó tó wọlé. Bí kò bá sì bá a lára mu, a ò lè fà á jáde. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi abẹ́rẹ́ kékeré dán ara wò ná. Ara gígan àti ẹsẹ̀ tí kò sinmi wà nínú tirẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dùn mí: àwọn ẹbí kan máa ń fi abẹ́rẹ́ yìí halẹ̀, "Bí o bá ṣe oríkunkun, a ó mú ọ lọ gúnbẹ́rẹ́." Ẹni tí wọ́n bá ti sọ abẹ́rẹ́ di ìjìyà fún, ọjọ́ tó bá ti lágbára ni yóò sá.

Abẹ́rẹ́ tuntun wà pẹ̀lú, ti risperidone àti ti paliperidone. Wọ́n dára, àmọ́ owó wọn ga gan-an. Bí kò bá dá yín lójú pé ẹ lè rà á fún ọdún kan gbáko, ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Risperidone

Àárín ni mo máa ń fi èyí sí. Ó wọ́n ju haloperidol lọ, ṣùgbọ́n ó ti di ohun tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù oògùn níbí ní. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá kéré, kì í fi bẹ́ẹ̀ mú ara gan. Bí ó bá ti ń lọ sí mílígíráàmù mẹ́fà lójúmọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jọ haloperidol nìyẹn.

Ìṣòro tirẹ̀ wà níbi tí Yorùbá kì í ti í sọ̀rọ̀ síta. Ó lè dá nǹkan oṣù dúró, ó lè mú kí omi jáde lọ́yàn ẹni tí kò bímọ, ó lè yọ ọyàn sáyà ọ̀dọ́kùnrin, ó lè mú kí agbára ọkọ àti aya lọ. Obìnrin kan tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Wàsò pa oṣù márùn-ún jẹ. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti ń yọ̀, ó ti ń sọ orúkọ ọmọ. Nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé kò sí oyún, ọ̀rọ̀ yí padà, wọ́n ní ayé ti di ilé ọmọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló jù oògùn náà sígbó. Ìgbà tó padà dé wọ́ọ̀dù la tó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀, ká ní ẹnìkan ti sọ fún un ṣáájú, a ì bá ti pààrọ̀ oògùn láìsí wàhálà. Láti ìgbà yẹn, mo máa ń ní kí ìyá ọmọ bọ́ síta díẹ̀, kí n tó bi ọmọkùnrin léèrè. Kò sí ọ̀dọ́ tó máa sọ irú ẹ̀ lójú ìyá rẹ̀.

Olanzapine

Alẹ́ la máa ń lò ó, lẹ́ẹ̀kan. Ó máa ń mú oorun wá, ó ń tuni lára, ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ń ṣe rúkèrúdò àti fún ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn kọjá ààlà, ara kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ gan. Nínú ìwádìí 2005 yẹn, àwọn tó lò ó ló pẹ́ jù lórí oògùn wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 64 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn náà padà fi í sílẹ̀. Bí ààwẹ̀ Ramadan bá dé, kì í fa wàhálà, torí alẹ́ náà ni.

Oúnjẹ ni ìṣòro rẹ̀. Ẹni tó ń jẹ òkèlè mẹ́wàá tẹ́lẹ̀ á máa jẹ àmàlà láfún abọ́ méjì, á tún béèrè ẹ̀kọ. Ní ìlú wa, bí ẹni tó ṣàìsàn bá sanra, ayọ̀ ni. Àwọn aládùúgbò á máa kí ìyá rẹ̀ pé "Ẹ kú oríire, ara rẹ̀ ti bọ̀ sípò." Ẹnikẹ́ni ò ní rò pé àtọ̀gbẹ lè ti máa bọ̀ lábẹ́ ẹ̀. Nítorí náà, ẹ wọn ìwúwo rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí ìwọ̀n nílé, ẹ fi okùn wọn ìbàdí rẹ̀, kí ẹ so kókó sí i, kí ẹ tọ́jú okùn náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ṣúgà rẹ̀ wò ní òwúrọ̀ kó tó jẹun: kí ó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àti lọ́dọọdún. Bí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá ní àtọ̀gbẹ, èmi ò ní fi olanzapine ṣe àkọ́kọ́.

Quetiapine jọ ọ́ díẹ̀, ó ń múni sùn, kì í mú ara gan, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tó máa ń tóó lò fún àìsàn ńlá pọ̀, owó rẹ̀ sì ń pọ̀ tẹ̀ lé e. Aripiprazole yàtọ̀. Kì í sọni di sísanra tó bẹ́ẹ̀, kì í dá nǹkan oṣù dúró, kì í múni sùn. Ó lè mú ẹsẹ̀ máa rìn kiri bíi ti haloperidol. Ó dára fún ọ̀dọ́ tó ń lọ sí yunifásítì, tí ilé rẹ̀ lówó, tó sì dá wọn lójú pé ṣọ́ọ̀bù oògùn wọn ní i nígbà gbogbo.

Clozapine

Ẹni tí wọ́n bá ti fún ní oògùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ní ìwọ̀n tó tó, tó lò ó déédéé fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí ìkọ̀ọ̀kan, tí ohùn náà ò sì lọ, clozapine ló kàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ léraléra. Ní 1988, wọ́n dán an wò ní Amẹ́ríkà lára aláìsàn 268 tí àwọn oògùn yòókù ti kùnà lórí wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, 30 nínú ọgọ́rùn-ún ló sàn dé ìwọ̀n tó ṣe é rí lára àwọn tó lo clozapine. Lára àwọn tó lo chlorpromazine, 4 péré ni.

Kí ló dé tí a kì í fi í bẹ̀rẹ̀? Ní 1975, àwọn aláìsàn kan kú lórílẹ̀-èdè Finland nítorí pé oògùn náà pa sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wọn, ìyẹn àwọn ọmọ ogun ara. Kì í tó ẹnìkan nínú ọgọ́rùn-ún tó ń ṣẹlẹ̀ sí, ṣùgbọ́n dandan ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀: lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún bí oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni yóò máa jìnnà síra. Àyẹ̀wò yẹn kì í ṣe ohun ìyanu, ilé àyẹ̀wò tó mọ iṣẹ́ ń ṣe é, owó àti ìrìn rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wàhálà. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri: ẹni tó ń lo clozapine, tí ibà bá mú tàbí tí ọ̀nà ọ̀fun bá ń dùn, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ ń ṣe lọ́jọ́ náà gan-an kó tó lo oògùn ibà.

Ìgbẹ́ rẹ̀ tó gan lè pani, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Itọ́ á máa dà sórí ìrọ̀rí lálẹ́. Ó ń mú ara sanra bí olanzapine. Bí ó bá pọ̀, ó lè fa gìrì. Ẹni tó ń mu sìgá, tó wá dáwọ́ dúró lójijì, oògùn náà á ga nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà. Bí oògùn bá sì tán tí ọjọ́ méjì kọjá, kò gbọdọ̀ fi ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀ padà bẹ̀rẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ti máa ń tún un bẹ̀rẹ̀.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, mo gbà pé a máa ń pẹ́ jù kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó lo ọdún mẹ́sàn-án nínú ohùn, tí wọ́n kàn ń pààrọ̀ oògùn fún láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì, tó sì jẹ́ clozapine ló jẹ́ kó padà dá orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ pè.

Bí ó bá jẹ́ ayọ̀ àyọ̀jù àti ìbànújẹ́ ló ń pààrọ̀ ara wọn

Dókítà lè fi lithium, valproate tàbí carbamazepine kún un. Lithium dára púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ máa wọn ìwọ̀n rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Òógùn púpọ̀, ìgbẹ́ gbuuru, àìmu omi nínú ààwẹ̀, àti oògùn ara ríro bí ibuprofen lè sọ ọ́ di májèlé. Valproate kì í ṣe ti obìnrin tó lè lóyún, bí ọ̀nà mìíràn bá wà. Bí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí ìyá wọn lò ó nínú oyún ló ń ní àbùkù ara, ọpọlọ ọ̀pọ̀ mìíràn sì máa ń pẹ́ kó tó gbọ́n. Ẹ kọ èyí sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin yín.

Asofẹ́yẹjẹ

Bí mo bá fo èyí, mi ò ṣe òótọ́, torí ọ̀pọ̀ ilé ti dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn bàbá wa kò ṣì í: gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ ní reserpine nínú, èròjà tí wọ́n yọ lára ìbátan rẹ̀ tó ń hù ní Íńdíà ní 1952, tí àwọn ilé ìwòsàn òyìnbó sì lò fún alárùn ọpọlọ. Wọ́n padà fi í sílẹ̀ fún chlorpromazine nítorí pé ó máa ń fa ìfúnpá wálẹ̀ gan-an, ó sì lè kó ìbànújẹ́ ńlá báni. Kò sí ẹni tó lè sọ ìwọ̀n tó wà nínú gbòǹgbò kan sí èkejì. Bí wọ́n bá da á pọ̀ mọ́ Largactil, ẹni náà lè dákú. Bí ó bá ti mu àgbo, ẹ sọ fún dókítà, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ̀wọ̀n àti pàṣán tí wọ́n ń fi kún un níbi kan ni mo kọ̀ jálẹ̀.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tí ilé rẹ̀ ò ní púpọ̀, tí ìyá tàbí ìyàwó ń mójú tó, haloperidol ìwọ̀n kékeré pẹ̀lú Artane nítòsí tó. Bí àìsùn bá pọ̀ jù, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ inú oòrùn, Largactil lálẹ́. Ẹni tó ti jù oògùn sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, tàbí tó ń gbé lóko, kí ẹ béèrè abẹ́rẹ́ oṣooṣù, tí òun náà bá gbà. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń bẹ̀rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, tí ilé lè ra tuntun láìdáwọ́ dúró, risperidone díẹ̀ tàbí aripiprazole. Ẹni tó gbẹ, tí kò sùn, tí kò sí àtọ̀gbẹ nílé wọn, olanzapine. Abísínwín ò ní fún yín láyè láti máa yàn nílé, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà, torí ìyá àti ọmọ ló wà nínú ewu. Wọ́n sábà máa ń lo olanzapine tàbí quetiapine bí ó bá ń fún ọmọ lọ́mú, kì í ṣe clozapine.

Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ LAUTECH àti ti Bowen wà láàárín ìlú, ẹ kò nílò láti dé Ìbàdàn kí dókítà tó rí i. Oorun á padà láàárín ọjọ́ díẹ̀, ohùn lè gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà kó tó rẹlẹ̀. Bí ara bá sì ti balẹ̀, ó kéré tán ọdún kan sí méjì ni kó ṣì máa lò ó, dókítà ló sì máa sọ ìgbà tí wọ́n máa rọra dín in kù.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi lo risperidone fún ọdún mélòó kan. Nígbà tí owó rẹ̀ kọjá agbára wa, dókítà gbé e bọ́ sórí fluphenazine, wọ́n fi abẹ́rẹ́ kékeré dán an wò, wọ́n sì fi Artane sí i nílẹ̀ kí ọrùn tó bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Ọjọ́ Ọjọ́rú tó kẹ́yìn oṣù ni tirẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń dá ọ̀kadà dúró ní Tákíé, tó ń lọ gbà á.